Ọjọ́ Tí Òwìwí Tẹjú Mọ́ Oòrùn

Nígbà kan láyé àtijọ́, ọ̀sán ni òwìwí máa ń ṣọdẹ. Kò sí ẹyẹ tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀ nínú igbó. Bí eku bá mira lábẹ́ ewé, òwìwí ti rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn wà ní àtàrí, ni ilẹ̀ bá ṣàdédé ń ṣú. Kò sí òjò lójú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ tutù nini. Ìràwọ̀ yọ! Adìyẹ ń sáré kó ọmọ rẹ̀ wọlé, ìrẹ̀ sì ń ké bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́.

"Yéè! Oòrùn dà?" ni Ẹtu kígbe.

Àyà gbogbo ẹranko já. Àfi bí Àdán ṣe fò kọjá, tòun tọmọ tó so mọ́ ọn láyà.

"Òun ni!" ni Idì, ọba ẹyẹ, pariwo. "Bí òkùnkùn ṣe dé ló jáde. Apá dúdú rẹ̀ ló fi bo oòrùn! Ẹ jù ú sódò!"

Wọ́n rọ́ lu Àdán, wọ́n wọ́ ọ dé etí odò.

"Ẹ gbà mí o!" ni Àdán ń sunkún. "Mo rò pé ilẹ̀ ti ṣú ni mo ṣe jí!"

Òwìwí bà síwájú wọn. "Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó bo oòrùn."

"Má wò ó o!" ni Adìyẹ ké. "Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lójijì, á bà ọ́ lójú jẹ́."

"Tí mi ò bá wò ó, wọ́n á pa ìyá ọlọ́mọ."

Òwìwí la ojú kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọ̀run. Ẹnu yà á.

"Òṣùpá ni! Òṣùpá ló ń gba iwájú oòrùn kọjá! Oòrùn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí iná rẹ̀ yí i ká bí òrùka!"

Kó tó sọ tán, òṣùpá yẹ̀ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì. Gbogbo wọn rí i pé oòrùn ti ń yọ, bẹ́ẹ̀ Àdán ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Idì fi í sílẹ̀.

"Òwìwí," ni Ẹtu pè é jẹ́jẹ́, "ṣé o ń rí wa?"

"Rárá. Ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú bí abẹ́rẹ́."

Àdán na apá rẹ̀ bò ó lójú, ó sì mú un lọ sínú ihò igi tó ṣókùnkùn. Inú òkùnkùn yẹn ni òwìwí ti tún ríran.

Láti ọjọ́ náà ni òwìwí ti ń fi ọ̀sán sùn, tó ń fi òru ṣọdẹ, tí òun àti àdán sì jọ ń jáde. Ojú rẹ̀ ńlá tó là kalẹ̀ yẹn, bó ṣe là á wo oòrùn lọ́jọ́ náà ló ṣì wà, bí ojú ẹni tí ẹnu ń yà.