Ta Ní Ń Jẹun Lórí Òkè Eléèéfín?

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹun yó yìí ló ń dáhùn bí ẹni ebi ń pa? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ gìrìgìrì, ó gun orí òkè kan tó ń yọ èéfín, ó já lu Àyìnkẹ́, opó amọ̀kòkò, òun àti àgùntàn rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-Òkè. Ẹ̀yìn ìlú náà gan-an ni òkè ayọnáyèéfín kan wà, Eléèéfín ni orúkọ rẹ̀. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọsánmà kò kọjá ìbàdí rẹ̀. Èéfín ń ti orí rẹ̀ jáde, síbẹ̀ nǹkan funfun kan yí orí náà ká, ó ń dán nínú oòrùn.

"Ìyá Àgbà, kí ni nǹkan funfun náà?"

Fọlárìn, ohun tí gbogbo ìlú ń bèèrè nìyẹn. Ta ní ń dáná lókè? Kí ló funfun? Ṣé òkè náà máa ń sùn? Kò sí ẹni tó lè lọ wò ó. Àpáta kan wà ní ìdajì ọ̀nà, èèwọ̀ sì ni kí ọmọ ènìyàn kọjá rẹ̀. Ìkookò nìkan ló ní òun mọ ìdáhùn.

Ìkookò a gbé agbádá wọ̀, a jókòó ti Baálẹ̀, a ní: "Èmi ni agbẹnusọ Eléèéfín. Eyín rẹ̀ ni ẹ ń wò tó funfun yẹn. Èéfín yẹn, èémí ebi ni. Ẹ fún un lẹ́ran, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pọ iná sí yín lórí!"

Nítorí náà, bí oṣù bá ti lé, ilé kan á fa ẹran lọ sí ìdí àpáta, wọn á so ó mọ́lẹ̀, wọn á sì padà láìwo ẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹran ti lọ. Ìkookò sì ń sanra.

"Háà! Ìkookò ló ń jẹ ẹ́!"

Gbé ẹnu rẹ dákẹ́! Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́n ju odidi ìlú lọ ni?

Ó wá kan Àyìnkẹ́. Kò lọ́mọ, kò lọ́kọ mọ́. Ròrò àgùntàn rẹ̀ ló ń jí i láàárọ̀, òun ló ń bá a ru amọ̀ láti odò.

Ròrò ní, "Ìyá mi, ṣé bí mo ṣe sanra yìí ni wọ́n rí?"

"Pa ẹnu mọ́, kò sí ẹni tó máa jẹ ọ́."

Àyìnkẹ́ gbọn aṣọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. N kò sọ pé n kò ní fi Ròrò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an ni n ó gbé e dé."

Irun Ìkookò dìde. "Obìnrin yìí, wàá jóná ráúráú!"

"Amọ̀kòkò ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi ojú gba ooru iná. Ọlọ́run tó dá òkè yẹn ló dá èmi náà. Ìwọ, ta ló rán ọ?"

Kò dúró gba èsì. Ó gbé kòkò kan rù, ó fa Ròrò lọ́wọ́, ó kọjá àpáta èèwọ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é o!

Òkè, mo ń bọ̀ o,
— Gbìrìgbìrì!
Bí o lẹ́nu, dá mi lóhùn,
— Gbìrìgbìrì!
Mo mọ Ẹni tó tẹ̀ ọ́ dó,
— Gbìrìgbìrì!

Wọ́n gùn ún títí òtútù fi ń mú wọn. Wọ́n dé ibi funfun. Ròrò lá a.

"Yéè! Ìyá mi, eyín yìí tutù!"

Àyìnkẹ́ bu díẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní, "Eyín wo? Yìnyín ni, irú èyí tí òjò máa ń sọ lù wá lórí òrùlé."

Wọ́n dé ṣóńṣó orí òkè. Ihò ńlá kan ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí Ọlọ́run fi àtàǹpàkò tẹ inú ìkòkò. Òkúta yíyọ́ ń hó kùtùkùtù nísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó pọ́n bí ẹyin iná. Àyìnkẹ́ kígbe: "Eléèéfín! Bí o bá ń jẹ ẹran, Ròrò nìyí!"

Ohùn ara rẹ̀ ló padà wá bá a. Eegun kan kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lèyí, wọ́n wá sọ ọ́ di olójúkòkòrò."

Ó bu yìnyín kún kòkò, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ìlú péjọ. Ó ṣí kòkò. Omi!

Ìkookò bú sẹ́rìn-ín: "Omi kànga! Kò débẹ̀ rárá. Eléèéfín ti ń bínú báyìí. Lọ́la ni kí wọ́n mú àgùntàn yẹn wá, kí obìnrin yìí sì kúrò nílùú!"

"Kúrò nílùú!" ni àwọn èèyàn ń pariwo.

Àyìnkẹ́ kò sunkún. "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n se oúnjẹ fún Eléèéfín nírọ̀lẹ́ yìí ná. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́la, ẹ mú Ròrò."

Baálẹ̀ gbà. Àyìnkẹ́ se àsáró, ó fi epo pupa, ata àti òyà yíyan sí i. Ó gbé e sí ìdí àpáta, ó padà láìwo ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò dé, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n so Ròrò mọ́ òpó. Ìkookò yọ, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Ó kí Baálẹ̀, ó kí àwọn ìjòyè, ó kan Àyìnkẹ́. Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ Ìkookò kí ó tó bàjẹ́. Kí ó tó mú ẹnu rẹ̀ dání, ó ti tẹríba:

"Ìyá amọ̀kòkò, ẹ ṣé àná o! Ata yẹn ló kàn ta díẹ̀."

"Yééè!"

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìlú ké.

Baálẹ̀ ní, "Ìkookò, kí lo jẹ lánàá?"

"Èmi? Eléèéfín ló ní… ló ní kí n bá òun dúpẹ́…"

Àyìnkẹ́ dìde. "Ogún ọdún la ti ń bọ́ Eléèéfín, kò dúpẹ́ àná lọ́wọ́ ẹnì kankan rí. Ẹran tí ò ń gbà, ìṣákọ́lẹ̀ lo kà á sí, ta ní í dúpẹ́ ìṣákọ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n oúnjẹ sísè, ọmọ Yorùbá kì í jẹ ẹ́ kó dákẹ́!"

Ìkookò bọ́ agbádá sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé ọmọ odó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà ló ti wọgbó lọ. Àyìnkẹ́ tú Ròrò, ó sì mú àwọn ọmọ Ẹsẹ̀-Òkè lọ sókè lọ lá yìnyín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìbẹ̀rù sin ohun tí Ọlọ́run dá. Ẹni tó bá ní kí ẹ má wo ibì kan, tó sì ń sanra níbẹ̀, ẹ lọ wò ó.

Mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀fọn ilé yìí jẹ èmi nìkan mọ́jú. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, ká lọ sùn.

"Pà! Pà! Pà!"