Agogo Ìyá Ìbejì

Láti ọjọ́ tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti gbé ọmọ kan lọ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé ni Abọ́sẹ̀dé ti ń kọ́ àwọn ìbejì rẹ̀ nílé. Ta ló máa bá a wí? Àwọn ọmọ náà mọ̀wé dáadáa. Àmọ́ bí àlejò bá ti kanlẹ̀kùn, ìyá wọn á lu agogo kékeré kan, wọn á sì sáré wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn á fọwọ́ bo ẹnu.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Ìbejì, ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n lọ síléèwé lọ́jọ́ kan péré, ká wò ó."

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wọn, ó dúró sẹ́yìn fèrèsé kíláàsì. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni wọ́n lu agogo pé kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré.

Àwọn yòókù hó yèè, wọ́n sáré síta. Àwọn ìbejì wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Olùkọ́ wọn, ìyá àgbàlagbà kan, jáde lọ wá ẹni tó bí wọn. Ó bá Abọ́sẹ̀dé ní ìlóṣòó lábẹ́ fèrèsé, òun náà fọwọ́ bo ẹnu.

Olùkọ́ mirí. "Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ dìde, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin gan-an la ó kọ́kọ́ kọ́."