Ìmọ́tótó Tó Pa Ẹja Odò Ayídà

"Ìmọ́tótó ló pa ẹja Ayídà." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí á ní irọ́ ni, ṣebí ìdọ̀tí là ń sọ pé ó ń pa nǹkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: obìnrin kan fọ òkúta, ẹja odò sì kú.

Àjíún lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí ibùdó gàrí lókè odò Ayídà. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún níbẹ̀ burú. Ewúrẹ́ tó bá mu ún á kú. Àwọn ìyá àtijọ́ ló gbẹ́ kòtò gígùn kan, tí wọ́n kó òkúta sí i, kí omi náà lè máa rọra gba àárín òkúta kó tó dé odò. Bó ti pẹ́, nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá bo àwọn òkúta náà. Ojú ò fẹ́ rí i.

Ìròyìn wá dé pé àwọn wolé-wolé ń bọ̀, pé wọ́n ti ti ibùdó kan pa lọ́nà oko nítorí ìdọ̀tí. Ó ti rẹ Àjíún, síbẹ̀ ó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ.

"Fi nǹkan yẹn sílẹ̀," Ìyá Súnḿbọ̀ wí nídìí agbada gàrí. "Òun ló ń jẹ oró omi."

"Ẹnu rẹ̀ dà tó fi ń jẹun, Ìyá?"

"N ò rí ẹnu. Omi tó ń wọ ibẹ̀ ń ta nímú, èyí tó ń jáde kì í ta. Ìyẹn tó mi."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti ibí pa, kí la máa jẹ?"

Ó fọ òkúta títí ó fi ń dán. Ẹ̀yìn ń ro ó. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n tún fún ẹ̀gẹ́, omi náà kọjá lórí òkúta pẹ̀lú gbogbo oró rẹ̀.

Àlàdé, àbúrò Àjíún, ló ń dẹ ìgèrè nísàlẹ̀ odò. Ó gòkè wá, òkú ẹja kún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ dà sómi?"

"N ò da nǹkan kan. Òkúta ni mo fọ."

Kò bú u. Ó da ẹja náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó yíjú padà.

Nǹkan yíyọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó ń hù fúnra rẹ̀ ni, kì í sì í kánjú. Ó padà hù, ṣùgbọ́n ẹja ò bá a padà.

Bí ẹnì kan bá wá ń kó ohun tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ dànù nítorí ojú àlejò, wọn á ní, "Ìmọ́tótó ló pa ẹja Ayídà."  Nígbà tí kò rí ẹja pa mọ́, Àlàdé bá àwọn lébìrà tó ń wá iṣẹ́ kiri lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó wà. Nígbà tí ìyá wọn kú, Àjíún nìkan ló sin ín.