Tokúji Akoná àti Ilẹ̀kùn Irin Ọkọ̀ Yamabúki

Ní ọdún kẹta ogun ńlá àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó fi pa ara wọn bí ẹní pa eéṣú, ikú kò gba ojú sánmà wá bá àwọn tí ń rin Òkun Mẹditaréníà. Abẹ́ omi ló gbà. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá a lúgọ nísàlẹ̀ bí ọ̀nì, a ju àdó olóró kan tí ń sáré nínú omi, kí ojú tó ṣẹ́, ọkọ̀ tó kó ẹgbẹ̀rún èèyàn ti di àwátì. Nígbà tí ọ̀ràn náà kọjá agbára àwọn tí ọkọ̀ wọn ń rì, wọ́n ránṣẹ́ sí Jàpáànù, Jàpáànù sì fi ọkọ̀ ogun apanirun ránṣẹ́ sí wọn. Mẹ́wàá ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n rí, orúkọ igi àti òdòdó ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n yára bí àṣá, ṣùgbọ́n ìkánjú ni wọ́n fi kàn wọ́n, irin ara wọn sì fẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Yamabúki.

Olórí àwọn tí ń koná èédú tí ń gbé ọkọ̀ Yamabúki rìn ni Tokúji, ọmọ Naganúma, ará Okinoúra, abúlé apẹja kan tó wà létí òkun ní Jàpáànù. Tokúji apá bí òpó, ọkùnrin tí iná ń jó tí kò ṣẹ́jú, ẹni tí ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ bí abiyamọ ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ará abúlé rẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀, Seikíchi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan tí ń jẹ́ Umé bí. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Umé di Tokúji lọ́wọ́ mú létí omi.

Ó ní, “Tokúji, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Mi ò ní òmíràn.”

Tokúji dáhùn pé, “Ìyá, ibi tí mo bá wà ni yóò wà.” Àánú ló sún un sọ ọ́. Ìbá má sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, àdó olóró ba ọkọ̀ ńlá kan tó kó àwọn ọmọ ogun, ọkọ̀ náà sì ń rì. Òfin ni pé ọkọ̀ ogun kò gbọdọ̀ dúró níbi tí ọ̀tá ti lúgọ, nítorí ọkọ̀ tó bá dúró ti di ẹran àmúso. Àmọ́ Hatáno, ọ̀gá ọkọ̀ Yamabúki, ń gbọ́ igbe àwọn tó wà nínú omi. Ó fi ẹnu sí ọ̀pá ìsọ̀rọ̀ tó lọ sí ìsàlẹ̀.

“Tokúji, bí mo bá dúró, ṣé a ó tún lè sáré?”

“Ẹ dúró, ọ̀gá. Iná ò ní kú lójú mi.”

Wọ́n dúró. Wọ́n ju okùn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n kó èèyàn tó lé ní irínwó sórí ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju àgbàlá lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣí kúrò ni àdó kejì dé, ó sì fọ́ iwájú Yamabúki.

Omi ya wọ yàrá ìkoná àkọ́kọ́. Èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Seikíchi sì wà lára wọn. Ilẹ̀kùn irin kan tó ṣí sílẹ̀ ló wà láàárín yàrá náà àti yàrá kejì tí Tokúji wà. Bí omi bá dé ibẹ̀, iná yóò kú, gbogbo ọkọ̀ yóò sì rì tòun ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ikú. Omi ti mu Seikíchi dé àyà, irin tó wó sì dínà mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀! Ẹ dúró dè mí!”

Tokúji dúró. Ó dúró títí omi fi ń gorí ẹsẹ̀ òun náà, tí iná tó súnmọ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà náà ni ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà, ó sì yí irin dè é. Wọ́n ń lù ú láti òdìkejì. Àwọn akoná yòókù dúró bí ère, ojú wọn wà lára ilẹ̀kùn náà.

Tokúji yíjú sí wọn. “Ẹ koná! Ẹ má wo ilẹ̀kùn, èmi ni mo tì í, ọrùn mi ló wà. Àwọn tó wà lórí wa ju irínwó lọ, wọ́n ní ìyá pẹ̀lú. Ẹ koná!”

Wọ́n koná. Nítorí pé iwájú ọkọ̀ ti fọ́, ẹ̀yìn ni Yamabúki fi rìn títí ó fi gúnlẹ̀, odindi wákàtí mẹ́fà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kú mọ́. Ìlù ara ilẹ̀kùn ti dákẹ́ kí wákàtí àkọ́kọ́ tó pé.

Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Tokúji láyà. Nígbà tó délé, gbogbo Okinoúra jáde pẹ̀lú àsíá, ṣùgbọ́n ilé Umé ló kọ́kọ́ lọ. Ìwé ìjọba ti sọ fún obìnrin náà pé wéré ni ọmọ rẹ̀ kú.

Umé béèrè pé, “Ṣé ó pè ọ́?”

Ó rọrùn láti parọ́. Tokúji kò parọ́. “Ó pè mí, Ìyá. Ó ní kí n dúró de òun.”

“Ṣé o dúró?”

“Mo dúró. Kò pẹ́ tó.”

Umé wọlé, kò ti ilẹ̀kùn, kò sì ní kó wọlé. Tokúji jókòó síwájú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń pọnmi fún un, tó ń gbé ẹja wá, tó ń bá a tún òrùlé ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é, kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pè é. Ọjọ́ tí Umé kú ló kọ́kọ́ wọ ilé náà, láti gbé òkú rẹ̀ jáde.

Nígbà tó darúgbó, àwọn àgbà bi í bóyá ó kábàámọ̀ ohun tó ṣe. Ó ní, “Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún tì í. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn.”

Wọ́n ní kò sí ère Tokúji ní Okinoúra, ó kọ̀ ọ́ fún wọn. Àmọ́ lọ́dọọdún, bí ọjọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn irin náà bá pé, kò sí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìbáà jẹ́ ìjì ló ń jà. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá, wọ́n á ní kó wọlé kó tó lanu kí wọn.