Àwo Idẹ Tí Abẹ́rọ̀ Kò Fọwọ́ Kàn

Àwo idẹ Abẹ́rọ̀ ti dúdú, ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn. Etí odò ló gbé e kọ́ sí lọ́jọ́ tí ogun kó Ọ̀ṣúnlàmí ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méje kò mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ó mọ àwo tó fi ń wo ojú. Bí ọkọ̀ bá gbé e kọjá, kó rí i tó ń dán.

Ọ̀jẹ́bísí, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, kọ́ tirẹ̀ nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ kó. Tirẹ̀ náà dúdú. Àwọn méjèèjì tọ Ìyá Awo lọ.

“Ta ló ń fọwọ́ pa á?”

Abẹ́rọ̀ wolẹ̀. Àràárọ̀ ló ń pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

“Òógùn ọwọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ fi adìyẹ rúbọ, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti igbá àdín kan. Ẹ fi ọsàn fọ idẹ kó mọ́ kanlẹ̀. Ẹ rì í sínú àdín, kẹ́ ẹ wá nù ún títí aṣọ ò fi ní rí epo mọ́. Èyí tójú ò rí ló máa kù, àwọn ẹyọ àdín tó kéré ju eruku lọ. Orí wọn fẹ́ràn idẹ, ìrù wọn kórìíra omi. Fúnra wọn ni wọ́n á tò, orí lára idẹ, ìrù níta, bíi koríko òrùlé, ìpele kan péré. Ọwọ́ ló ń tú wọn ká. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”

“Títí dìgbà wo, ìyá?”

“Títí ọmọ á fi dé.”

Lójú ọ̀nà, Ọ̀jẹ́bísí rẹ́rìn-ín. “Ẹbọ tá a nù kúrò? Òòṣà tèmi kì í gba ẹbọ ahun.” Ó da àdín lé tirẹ̀ bí ẹni ń bọ òkúta òòṣà. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà bò ó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Abẹ́rọ̀ ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Láràárọ̀ ó ń dúró níwájú àwo, ó di etí ìró mú kí ọwọ́ má baà lọ. Òjò ń yọ̀ kúrò lára idẹ bíi lára ewé kókò.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ kan yà sétí odò. Ọmọge kan sọ̀ kalẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ nínú àwo, ó nawọ́ sí i.

Abẹ́rọ̀ gba ọwọ́ náà mú. “Èmi ni kó o fọwọ́ kàn.”

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Ọ̀ṣúnlàmí ní, “Ìyá, ọmọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ yẹn, òun náà ń wá àwo.”

Wọ́n sáré lọ pe Ọ̀jẹ́bísí. Ọkọ̀ ti kọjá àwo rẹ̀ tó dúdú; ó bá omi nìkan.

Abẹ́rọ̀ rúbọ, ó sì rí ọmọ. Ọ̀jẹ́bísí fi ẹbọ ṣẹ̀sín. Títí ó fi kú, ó ń fi ọsàn fọ àwo.