Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Ọ̀pọ̀lọ́ Kọ́ Fún Àna Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba ẹ̀bá odò, ó gba inú ẹrẹ̀, ó dúró lórí Bàbá Ọ̀yà àti Ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ sún mọ́ mi.

Ní ìlú àwọn ẹranko kan létí àbàtà, oṣù mẹ́jọ ni òjò fi ń rọ̀ lọ́dún. Aṣọ kì í gbẹ níbẹ̀. Olú ń hù lára àpótí ìjókòó. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọ̀yà ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá Àwẹ̀ró ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti bó ẹ̀gúsí, òjò a sì máa lé e wọlé. A máa sọ pé, "Bàbá Àwẹ̀ró, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré ni mo fẹ́." Kí ọkọ rẹ̀ tó rí i kọ́, obìnrin náà kú.

Lẹ́yìn náà, ọdún mẹ́ta ni Bàbá Ọ̀yà fi kó àgbàdo jọ láti fi kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó pé ogójì agbọ̀n. Ó pín in. Ogún, ti òpó mẹ́fà láti ara igi apá, igi líle tí ikán kì í jẹ. Mẹ́wàá, ti Àkókó gbẹ́nàgbẹ́nà. Márùn-ún, ti ewé tí wọn yóò fi bo orí rẹ̀. Ó gbé márùn-ún tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bàbá, kí ni ìyẹn wà fún?" Àwẹ̀ró bi í.

"Ti òjò ni. Ẹni tó bá kọ́lé létí àbàtà tí kò ya ti òjò sọ́tọ̀, òjò á fọwọ́ ara rẹ̀ mú un."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Ọ̀pọ̀lọ́ dé. Ó wá tọrọ Àwẹ̀ró. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ẹni yóò ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdọ̀bálẹ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ àti ìdìde rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

"Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ọ̀wẹ̀ mi. Ẹ kó àgbàdo yẹn fún mi, kí ẹ lọ sinmi."

"Apá ni mo fẹ́. Orí òkúta ni kí o gbé e lé, kí ẹsẹ̀ igi má kan ẹrẹ̀. Kí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí omi rí ọ̀nà lọ."

"Èmi lẹ ń júwe apá fún? Òpó apá mẹ́fà ló gbé ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi dúró títí dòní."

"Bó bá wó ńkọ́?"

"Ẹ wá tú òpó ilé mi."

Bàbá Ọ̀yà wò ó. "Àwẹ̀ró, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ní ìdílé wa, ẹni tó kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ nígbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀, títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Ìgbà náà la ó mú ìyàwó fún un."

Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín nínú. Kí ni òjò fẹ́ fi Ọ̀pọ̀lọ́ ṣe?

Ó kó ogójì agbọ̀n lọ. Mẹ́ta péré ló ná. Ó fi ra igi arère, igi funfun tó rọ̀ bí iṣu sísè, ó fi osùn pa á kó lè pọ́n bí apá. Kò wá òkúta. Inú ẹrẹ̀ ló rì wọ́n sí. Kò pe Àkókó. Òun àti ẹbí rẹ̀ se ìyókù jẹ, títí kan ti òjò.

Àkókó ń kọjá lọ, ó sọ ẹnu mọ́ òpó kan. "Bàbá, apá kì í dún báyìí."

Bàbá Ọ̀yà wo òpó náà. Ọdún mẹ́ta. Ó rántí ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Fi í sílẹ̀. Òjò mọ igi."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Igi apá ni mo rà o,
*Dúró, ọ̀dẹ̀dẹ̀, dúró.*
Orí òkúta ló wà o,
*Dúró, ọ̀dẹ̀dẹ̀, dúró.*
Òjò tó dé, á lọ o,
*Dúró, ọ̀dẹ̀dẹ̀, dúró.*

Ní oṣù kejì, osùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi pupa ń ṣàn nínú àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n, òpó yín ń ṣẹ̀jẹ̀," Àwẹ̀ró wí.

"Òógùn ni. Òpó tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ làágùn."

Ní oṣù kẹta, ikán gun òpó. Ọ̀pọ̀lọ́ fi ẹrẹ̀ dí ihò kan, méjì là. Ó sáré tọ Bàbá Ọ̀yà lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ti òjò wá, ká fi pààrọ̀ òpó méjì."

"Ti òjò dà? Ọwọ́ rẹ ni mo kó o lé."

Ọ̀pọ̀lọ́ fọwọ́ kan ikùn. Ibẹ̀ ló wà.

Òjò ńlá ṣú. Ó di dandan kó lọ jókòó. Òpó kan tẹ̀, èkejì tẹ̀, gbogbo rẹ̀ wó gììrì. Ewé, ẹrẹ̀ àti èérún igi bò ó, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń kọrin, ohùn rẹ̀ ti há:

Igi arère ni mo rà o,
Inú ẹrẹ̀ ló wà o,
Mo ti jẹ ti òjò o.

Ẹ dákẹ́. Ẹ má gbè é fún un.

Àwọn aládùúgbò fà á jáde. Bàbá Ọ̀yà kò bú u, kò sì fún un ní Àwẹ̀ró mọ́. Ó pe Àkókó, wọ́n lọ tú òpó apá mẹ́fà ilé Ọ̀pọ̀lọ́, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ ti wí, wọ́n sì fi tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọ́. Àwẹ̀ró ló ṣa òkúta tí wọ́n gbé wọn lé. Àkókó kò gba nǹkan kan. Ó ní ìyá Àwẹ̀ró ti bu ẹ̀gúsí fún òun rí.

Nígbà tí òjò tún dé, Bàbá Ọ̀yà gbé àpótí méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kan, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀kán omi kan kò kàn án. Kò kan àpótí kejì, ti ìyá Àwẹ̀ró.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́ fi rí pálapàla títí dòní, tí kò sì nílé. Bí òjò bá ṣú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ló ń sá wá, tí yóò máa ké.

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Orí òkúta ni mo gbé e lé, n kò rì í mọ́ ẹrẹ̀. Bí mo bá fi osùn kun irọ́ fún yín, kí òjò tó ń bọ̀ fọ̀ ọ́ níwájú gbogbo yín.