Ìkẹ́, Ajá Tó Sọnù Níbi Ìlagi

Obìnrin kan wà ní ìlú ńlá kan, tí ń ta oògùn òyìnbó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fi òkè òkun ṣe ilé. Ajá kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù tí wọ́n jọ ń gbé. Ìkẹ́ ni ó sọ ajá náà, orúkọ sì rò ó. Orí tìmùtìmù ni Ìkẹ́ ń sùn. Ẹran tí wọ́n ti yọ egungun inú rẹ̀ ni ó ń jẹ. Bí òjò bá rọ̀, kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ilẹ̀ tútù. Obìnrin yìí ni yóò gbé e dé ibi tí yóò ti tọ̀, tí yóò sì tún gbé e wọlé. Àwo oúnjẹ rẹ̀ sì ni èèwọ̀ ilé náà. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn nígbà tí ó ń jẹun, ìbáà ṣe obìnrin náà fúnra rẹ̀, yóò yọ eyín sí i. Obìnrin náà a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó mọ iyì ara rẹ̀ ni."

Nígbà ọyẹ́, ó gbé Ìkẹ́ sínú mọ́tò, wọ́n ń lọ sí ìlú abínibí rẹ̀. Táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú. Dẹ́rẹ́bà bẹ́rẹ̀ sí pààrọ̀ táyà, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé. Àfi bí ọkọ̀ agẹdú kan ṣe fọn fèrè lójijì. Jìnnìjìnnì bo ajá náà, ó fò jáde, ó sì sá wọ àárín àwọn igi tí wọ́n tò jọ pelemọ. Wọ́n pè é títí. Wọ́n wá a títí oòrùn fi rọlẹ̀, wọn kò rí i.

Obìnrin náà fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá tí ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó padà lọ, lásán ló já sí. Àwọn ará ilé ìtajà rẹ̀ kò sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rò: ajá tí kò mọ egungun, ọjọ́ mélòó ni yóò lò ní títì? Òun náà ń rò ó. Nígbà tí ó yá, ó fọ àwo ajá náà, ó gbé e pamọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, fóònù dún.

"Màmá, ó jọ pé ajá yín ni mo ń rí yìí," bàbá olùṣọ́ wí. "Àmọ́ ẹ tètè máa bọ̀ o. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ dáná sun òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi tí ó ń gbé ìdí rẹ̀."

Kò dúró jẹun. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó má mọ ajá rẹ̀. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Etí rẹ̀ kan ti fàya, irun rẹ̀ funfun ti di àwọ̀ erùpẹ̀. Ó pè é, "Ìkẹ́!" Ajá náà sáré wá, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tuntun. Dẹ́rẹ́bà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkẹ́ fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wo inú mọ́tò, ó wo obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì lọ.

"Ìkẹ́! Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ má pè é, Màmá," bàbá olùṣọ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ajá náà wọ ihò kan lábẹ́ òkìtì. Ó jáde pẹ̀lú ọmọ ajá dúdú kan tí ó fi ẹnu gbé ní ọrùn. Ó gbé e sórí àga mọ́tò, ó padà. Ó gbé èkejì wá. Ó gbé ẹ̀kẹta.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, àga yóò dọ̀tí o."

"Jẹ́ kó dọ̀tí."

Bàbá olùṣọ́ wá ṣàlàyé pé òun ti ń rí ajá náà tipẹ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí òun tètè mọ̀ pé Ìkẹ́ ni. Nígbà tí Ìkẹ́ sọnù, àwọn ajá ibẹ̀ bù ú jẹ, ebi sì fẹ́ pa á kú. Abo ajá dúdú kan tí ń tọ́mọ ni ó yọ̀ǹda egungun ẹnu rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ agẹdú tẹ abo náà pa.

"A ní àwọn ọmọ náà ti kú nìyẹn. Àṣé eléyìí ń lọ ṣa àjẹkù níwájú olóúnjẹ, tí ó bá sì dé, á bì í sílẹ̀ fún wọn. Ojú mi báyìí ni, Màmá. Bí egungun rẹ̀ ṣe ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yẹn ń sanra."

Àwọn alágbàṣe ti pa ẹ̀rọ ìlagi. Ìkẹ́ wọ ihò náà ní ìgbà kẹrin, ó pẹ́ kí ó tó jáde. Èyí tí ó kéré jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ni ó gbé bọ̀. Ó tẹ́ ẹ sáàárín àwọn yòókù. Ìgbà yìí ni òun alára tó wọ mọ́tò.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú igi, ó ká ọwọ́ lérí. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́ ajá yìí," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi ò mọ ẹni tí mò ń tọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, o wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ọ̀nà ti là fún ọ, pé iṣẹ́ ńlá ń dúró dè ọ́ ní ìlú mìíràn. Mo bá ọ yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n o ní kí n má jẹ́ kí ilé tí o wà tẹ́lẹ̀ gbọ́ títí o ó fi lọ. Ìyá tí ó gbà ọ́ sínú yàrá kan ṣoṣo tí ó ní nígbà tí o kò ní ibi tí o fi orí lé, a ti sin ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní yàrá náà. Padà lọ wò wọ́n kí o tó lọ. Má sì wí fún mi pé ẹ kì í ṣe ìyekan.

Ajá náà kò béèrè ìyẹn.